Hánà Afala, Ìyá Bíṣọ́ọ̀bù Crowther, àti Àwa Ọmọ Modákẹ́kẹ́

Ọ̀rọ̀ ìyá ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ó ṣọ̀wọ́n kí oṣù kan kọjá ní ìlú wa kí a má sin ìyá àgbà kan nínú ìjọ. Àlùfáà yóò gun àga ìwàásù, yóò ní ìyá yìí fẹ́ràn Olúwa, ó tọ́ ọmọ yanjú, kì í sì í pa ìsìn Ọjọ́ Ìsinmi jẹ. Ẹgbẹ́ àwọn ìyá yóò kọrin, a ó pa màlúù, a ó ro aṣọ ẹbí, a ó sì jó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọmọ olóògbé ní ìbéèrè kan péré: láti ìlú Ọ̀yọ́ wo ni àwọn ìyá ńlá rẹ̀ ti sá wá sí ibí? Ta ni ó kọ́kọ́ bá a sọ̀rọ̀ Jésù? Ẹ ó rí i pé ọ̀pọ̀ nínú wọn ni yóò máa wo ojú ara wọn. Owó àsè wà, owó aṣọ wà, ìtàn ìyá ni kò sí.

Ìyá kan wà tí ìtàn rẹ̀ kò sọnù pátápátá, nítorí pé ọmọ rẹ̀ mọ ìwé, ó sì ní ọkàn láti kọ ọ́. Afala ni orúkọ rẹ̀, òun ni ìyá Samuel Àjàyí Crowther, Bíṣọ́ọ̀bù kìíní nínú àwọn ọmọ Áfíríkà nínú Ìjọ England. Kì í ṣe ará Modákẹ́kẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá wo ogun tí ó lé e kúrò ní ilé ọkọ rẹ̀, àti bí ìyà ti gbé e kiri ilẹ̀ Yorùbá, a ó rí i pé òun àti àwọn ìyá ńlá wa tí wọ́n ṣán igbó Modákẹ́kẹ́, ìjì kan náà ni ó gbé wọn.

Nígbà tí Afala kú ní 1883, wọ́n kà á sí ẹni ọdún 97. Bí ìṣirò náà bá tọ̀nà, nǹkan bí 1786 ni a bí i, nígbà tí Aláàfin Abíọ́dún ṣì wà lórí ìtẹ́. Àwọn òpìtàn kan tilẹ̀ so ìran rẹ̀ mọ́ Aláàfin náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn ọ̀rọ̀ oyè lè jíròrò lórí ìyẹn. Ohun tí ó jẹ mí lọ́kàn ni pé ìgbà tí àwọn àgbà máa ń pè ní ìgbà ìdẹ̀rùn Ọ̀yọ́ ni a bí i sí, ó sì dàgbà bọ́ sínú ayé tí ènìyàn kò lè fi ojú méjèèjì sùn mọ́. Òṣoògùn ni ó ti bí Àjàyí, ìlú kan ní ẹkùn Ìsẹ́yìn, nínú ilẹ̀ tí a ń pè ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ lónìí.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1821, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí àwọn obìnrin ń gbọ́ oúnjẹ lọ́wọ́, ogun dé sí Òṣoògùn. Àwọn Fúlàní wà nínú rẹ̀, àwọn Mùsùlùmí Ọ̀yọ́ wà nínú rẹ̀, àti àwọn ẹrú tí wọ́n ti sá kúrò lọ́dọ̀ olówó wọn. Ìlú náà ní odi, ṣùgbọ́n ẹnubodè rẹ̀ jẹ́ mẹ́fà, àwọn ọkùnrin kò sì tó láti dáàbò bo gbogbo wọn. Bàbá Àjàyí sáré wọlé, ó ní kí àwọn ará ilé sá, ó sì padà sí ojú ìjà. Ìgbà ìkẹyìn tí wọ́n fi ojú kàn án nìyẹn. Afala gbé ọmọ ọwọ́ tí kò tíì pé ọdún kan, ó kó àwọn ọmọ yòókù mọ́ra, wọ́n sì doríkọ igbó. Wọn kò rìn jìnnà tí ọwọ́ fi tẹ̀ wọ́n. Okùn ni wọ́n fi so wọ́n mọ́ra ní ọrùn bí ewúrẹ́ tí à ń fà lọ sí ọjà. Obìnrin ẹni nǹkan bí ọdún 35 ni nígbà náà. Ní òwúrọ̀ kan ṣoṣo ó pàdánù ọkọ, ó pàdánù ilé, ó sì di ẹrú.

Ní Ìsẹ́yìn ni wọ́n ti pín wọn bí ẹni pín ẹran. Wọ́n fi Àjàyí ṣe pààrọ̀ ẹṣin. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tún bọ́ sí ìlú kan náà pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àbúrò rẹ̀ obìnrin, wọ́n sì rí ara wọn fún nǹkan bí oṣù mẹ́ta. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n wá mú ọmọ náà lọ tà. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin ni ẹ lè ro ohun tí ìyẹn jẹ́. Ìpínyà àkọ́kọ́, ogun ni ó fà á. Ìkejì yìí, ìdákẹ́rọ́rọ́ ni.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ, gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ni ó ń kọ́ ọ. Láti ọwọ́ dé ọwọ́, wọ́n ń tà á fún ọtí àti tábà títí ó fi dé Èkó. Ní oṣù kẹrin 1822 wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. Ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gba ọkọ̀ náà ní ojú òkun, wọ́n sì gbé àwọn ẹrú inú rẹ̀ lọ sí Sàró. Ó kàwé níbẹ̀, a tẹ̀ ẹ́ bọmi ní 1825, a sì fi jẹ àlùfáà ní London ní 1843. Ìwé ti ọmọ kún bámúbámú. Ti ìyá, láàrin 1821 sí 1846, ńkọ́? Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. A mọ̀ pé ó jìyà ní oko ẹrú, pé kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, àti pé àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n wá owó tí wọ́n fi rà á padà. Ọdún 25 ni a fi gbólóhùn mẹ́ta pere kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọdún náà gùn fún un ju gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ lọ.

Ìhín gan-an ni ọ̀ràn náà ti kàn wá. Ní àwọn ọdún kan náà ni àwọn ará Ọ̀yọ́ tí ogun fọ́ ìlú wọn ń ṣàn wá sí apá gúúsù bí àgbàrá òjò. Òmíràn dúró ní Ìbàdàn, òmíràn ní Ìjàyè, òmíràn wọ ilẹ̀ Ifẹ̀, wọ́n ń gbé lọ́dọ̀ àwọn onílé, wọ́n ń ṣe iṣẹ́ oko fún wọn. Ní nǹkan bí 1845, Ọọ̀ni Adégúnlẹ̀, ẹni tí a ń pè ní Abeweila, fún wọn ní ilẹ̀ láti tẹ̀dó sí. Samuel Johnson kọ ọ́ pé igbe àwọn ẹyẹ àkọ̀ tí wọ́n tẹ́ ìtẹ́ sórí igi ńlá kan nítòsí ibẹ̀ ni a ti yọ orúkọ náà, Modákẹ́kẹ́. Ní ọdún 1845 yẹn kan náà ni ọkọ̀ tí ó gbé Àlùfáà Crowther ti Sàró bọ̀ gúnlẹ̀ ní Àgbádárìgì. Nígbà tí àwọn ìyá ńlá wa ń mọ ògiri ilé wọn àkọ́kọ́ ní ìlú wa, Afala wà lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin ní Abaka, kò jìnnà sí Abẹ́òkúta, kò sì mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ti tẹ ilẹ̀ Yorùbá. Ìbéèrè kan náà ni ó wà ní ẹnu gbogbo wọn, bí àjèjì bá ti ti ọ̀nà dé: Ǹjẹ́ o gbúròó ọmọ mi?

Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ìtàn Afala kò kan Modákẹ́kẹ́, kí ó lọ bi àgbà ilé rẹ̀ léèrè ìlú tí wọ́n ti wá. Àwa tí a tún tú ká ní 1909, tí àwọn ìyá wa ru ẹrù, tí wọ́n pọn ọmọ, tí wọ́n forí lé Òdè-Omu àti àwọn ìlú mìíràn, tí a kò sì bẹ̀rẹ̀ sí padà bọ̀ títí di 1922, àwa kọ́ ni a ó máa kọ́ ní ohun tí ó ń jẹ́ ìsáǹsá.

Crowther àti Henry Townsend wọ Abẹ́òkúta ní ọjọ́ 3 oṣù kẹjọ 1846. Ọjọ́ 18 lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 21 oṣù náà, arákùnrin rẹ̀ kan mú obìnrin arúgbó kan wá sí ilé míṣọ́nnárì. Ìròyìn ọmọ náà ti dé etí rẹ̀. Crowther kọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sínú ìwé ìrántí rẹ̀: ìyá náà wárìrì, kò gba ojú rẹ̀ gbọ́, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn láìsọ̀rọ̀, omijé ń ṣàn lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tí ó ti rù. Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí fi àwọn orúkọ kan pè é, àwọn orúkọ tí ìyá rẹ̀ àgbà máa ń fi pè é nígbà èwe. Ìyá àgbà náà ti kú ní oko ẹrú. Àlùfáà tí ó ti kọ ìwé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí ó ti wọ aṣọ funfun ní London, dúró ní àgbàlá Abẹ́òkúta, ìyá rẹ̀ sì ń kì í. Nínú àlùmánákì ìjọ, ẹsẹ̀ tí ó bọ́ sí ọjọ́ náà wá láti inú Psalmu 10, èyí tí ó sọ pé Ọlọ́run ni ń ran aláìní bàbá lọ́wọ́. Crowther fúnra rẹ̀ ni ó kíyè sí i.

Àwọn kan a máa sọ ọ́ bí ẹni pé láti ọjọ́ yẹn ni Afala ti di onígbàgbọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 5 oṣù kejì 1848 ni a tẹ̀ ẹ́ bọmi ní Abẹ́òkúta, ó sì wà nínú àwọn àkọ́so ìjọ náà. Láti ìpàdé títí dé ìtẹ̀bọmi, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù 18. Mo fẹ́ kí ẹ fi iye oṣù yìí sọ́kàn. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí ọmọ nìkan ni, ọ̀la ọjọ́ tí ó rí i ni ì bá ti wọ inú omi. Kí ni ìyá kò lè ṣe fún ọmọ tí ó ti sọ pé ó kú? Ṣùgbọ́n ẹni 60 ọdún ni, tí a tọ́ dàgbà nínú ìsìn òrìṣà àwọn baba rẹ̀, tí kò sì mọ ìwé. Ó ní láti jókòó láàrin àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí ó máa kọ́ Òfin Mẹ́wàá àti Àdúrà Olúwa sórí. Lójú tèmi, oṣù 18 yẹn ni ó jẹ́ kí n gbà pé ó mọ ohun tí ó ń ṣe. Kì í sì í ṣe ohun ìrọ̀rùn ní àkókò náà. Ní 1849, ọdún kan lẹ́yìn ìtẹ̀bọmi rẹ̀, wọ́n mú àwọn onígbàgbọ́ Abẹ́òkúta, wọ́n dè wọ́n, wọ́n nà wọ́n, nítorí pé wọ́n kọ òrìṣà ilé sílẹ̀. Ní 1851 ni ogun Dàhòmì tún wá ka ìlú náà mọ́.

Hánà ni orúkọ tí ó gbà nínú omi. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ka Ìwé Samuel Kìíní mọ ìdí rẹ̀: ọmọ rẹ̀ ń jẹ́ Samuel. Ìyàtọ̀ kan wà tí n kò tíì gbọ́ kí oníwàásù kan fi hàn. Hánà ti inú Bíbélì fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ọmọ lọ sí ilé Olúwa, a sì máa rán aṣọ lọ fún un lọ́dọọdún. Hánà ti Òṣoògùn, wọ́n já ọmọ gbà mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Kò sí ẹni tí ì bá fi aṣọ rán, kò tilẹ̀ mọ̀ bóyá ó wà láàyè. Ọ̀nà tí kò yàn ni Olúwa fi gba ọmọ náà. Kí a má ṣe yára fi orin dídùn bo ìrora yẹn mọ́lẹ̀.

Nǹkan mìíràn wà tí mo fẹ́ kí àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ wa rò. Gbogbo wa ń yin Crowther fún èdè Yorùbá tí ó kọ sílẹ̀. Ìwé ọ̀rọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1843, nígbà tí ó ti tó ọdún 21 tí ó ti kúrò ní ilé. Ti 1852 tóbi jù ú lọ, ó sì kún fún òwe. Láàrin àwọn ìwé méjèèjì ni ó tún rí ìyá rẹ̀. Ọmọdé tí kò ju ọdún 13 tàbí 14 lọ ni nígbà tí wọ́n tà á. Èdè ọmọdé ni ó gbé lọ sí Sàró, àti èyí tí ó gbọ́ lẹ́nu àwọn Yorùbá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ níbẹ̀. Èmi kò lè gbà pé obìnrin àgbà ọmọ Ọ̀yọ́, tí ó ti gbé ìlú púpọ̀ bí ẹrú àti bí òmìnira, yóò wà nítòsí ẹni tí ń túmọ̀ Bíbélì kí ẹni náà má bi í léèrè ohun kan. Kò sí orúkọ Hánà Afala ní ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé kankan. Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí fún àwọn ìyá wa ní Modákẹ́kẹ́ níhìn-ín, nígbà tí ọ̀rọ̀ ìhìnrere ń ti ọ̀dọ̀ àwọn Hinderer àti Olúbi ní Ìbàdàn wá bá wọn: ìwé ìròyìn àwọn míṣọ́nnárì dárúkọ òyìnbó, ó dárúkọ katikísì, ṣùgbọ́n àwọn obìnrin tí wọ́n gbá ilẹ̀ ilé ìsìn, tí wọ́n pọn omi tí a fi po amọ̀ ògiri rẹ̀, “àwọn obìnrin díẹ̀ kan” ni wọ́n ń jẹ́ nínú rẹ̀.

Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń bẹ àwọn ìgbìmọ̀ ìjọ wa, kì í ṣe ti Anglican nìkan. Nígbà tí ẹ bá ń tẹ ìwé ìsìnkú, tí ẹ ń wá àwòrán tí yóò dára ní ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ fi ojú ewé méjì sílẹ̀ fún orúkọ ìlú tí ìran ìyá náà ti wá, orúkọ ìyá rẹ̀ àti ti ìyá ìyá rẹ̀, ọjà tí ó ná, ohun tí ó tà, ọdún tí a tẹ̀ ẹ́ bọmi, àti oríkì rẹ̀. Ìyẹn kò tó owó ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò tí a ó fi ṣòfò níbi àsè náà. Ó sì sàn kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ìyá fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹnu rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀. Oníṣòwò tí ó mọ iye gbèsè oníbàárà rẹ̀ láti ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn kò lè sọ pé òun kò ní ìwé tí òun lè kọ orúkọ ìyá ńlá òun sí.

Hánà Afala kò kú kíákíá. Ọdún 35 ni ó fi jẹ́ ọmọ ìjọ lẹ́yìn tí a tẹ̀ ẹ́ bọmi. Ó wà láàyè nígbà tí a fi ọmọ rẹ̀ jẹ Bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury ní ọjọ́ 29 oṣù kẹfà 1864. Ẹni nǹkan bí ọdún 78 ni nígbà náà. Ọmọ tí a fi ṣe pààrọ̀ ẹṣin ní Ìsẹ́yìn! Ó pẹ́ ju Susan, aya Bíṣọ́ọ̀bù, lọ, ẹni tí ó kú ní 1880. Èkó ni ó gbẹ́yìn sí, Èkó kan náà tí wọ́n ti kó ọmọ rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹrú ní ọdún 61 ṣáájú.

Ó kù díẹ̀ kí ojú rẹ̀ rí odidi Bíbélì Mímọ́ ní èdè rẹ̀. 1884 ni ó parí, ọdún kan lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìyẹn ti dùn mí tó, inú mi dùn pé kò rí 1890, nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó míṣọ́nnárì dójú ti ọmọ rẹ̀, arúgbó ẹni ọgọ́rin ọdún ó lé, níwájú ìgbìmọ̀ ní Onítshà. Bíṣọ́ọ̀bù náà kú ní ọjọ́ ìkẹyìn 1891. Ní 2014, nígbà tí ó pé 150 ọdún tí a fi í joyè, Archbishop Justin Welby dúró ní Canterbury, ó sì tọrọ àforíjì fún ohun tí a ṣe sí i.

Àbígẹ́lì, ọmọ-ọmọ Afala, ni ó fẹ́ Àlùfáà T. B. Macaulay, ẹni tí ó dá C.M.S. Grammar School sílẹ̀ ní Èkó ní 1859. Ọmọ wọn ni Herbert Macaulay, tí a bí ní 1864, ọdún kan náà tí bàbá ìyá rẹ̀ di Bíṣọ́ọ̀bù. Herbert ti di ọ̀dọ́mọkùnrin nígbà tí ìyá àgbà tí ó sá kúrò ní Òṣoògùn pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn papòdà ní Èkó, ó sì gbé ìjà àwọn ará Èkó pẹ̀lú ìjọba rù títí ó fi kú ní 1946.